Kápúsù Ewúro

Yàrá kan ni mo gbà ní Gáà-Akanbí,
níbẹ̀ ni mo ti ń lọ ewúro gbígbẹ.
Eruku rẹ̀ ń bà lé mi nípéǹpéjú,
tó fi jẹ́ pé ìrẹsì alẹ́ mi pàápàá ń korò.

Ewúro, amúkàn, irúgbìn mọ̀ríńgà díẹ̀,
mo rọ wọ́n sínú kápúsù, ọgọ́ta nínú ike kan.
Mo ya ọkàn pupa sára ike,
mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Fún ṣúgà. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ọmọ mẹ́ta ló ń bá mi tà á dé Àjàṣẹ́.

Ìyá mi ń mọ ìkòkò ní Dada, l'Ókelele.
Mo gbé tirẹ̀ lọ fún un. Ó tú ẹyọ kan,
ó da ìyẹ̀fun rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí amọ̀ ṣì wà,
ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín:
"Ewúro ìyá mi rèé. Sákà, kí ló dé tí o fi wọ̀ ọ́ lẹ́wù?
Kíkorò rẹ̀ làwa fi ń wọ̀n ọ́n.
Bó bá korò dé ibì kan, ọ̀fun a ní ó tó.
Èyí tó ń yọ́ wọlé bí àlejò òru,
ta ni yóò dá a dúró?"

Mo ní méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́.
Ó gbà á. Ìyá kì í kọ ọjà ọmọ.
N ò bi í léèrè oògùn tí ọsibítù fún un.
Òun náà kò sọ.

Ní Àlàmísì kan, wọ́n to ìkòkò fún sísun.
Òógùn ti bò ó kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná.
Ọwọ́ tó ń mọ ẹnu ìkòkò láìwò ó
kò rí etí ìborùn ara rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ẹ̀rọ kékeré kan ké.
"Ṣúgà kọ́ ló ga. Ó ti wálẹ̀ jù.
Kí ni màmá tún ń lò?"
Ike náà wà lápò mi.

Ewúro ò purọ́. Èmi ni mo dákẹ́.

Mo ṣì ń lọ̀ ọ́. Mo ti pa ọkàn pupa rẹ́;
Fi èyí han dókítà rẹ ló wà níbẹ̀ báyìí,
ọjà ò sì yá bíi ti tẹ́lẹ̀.
Tí mo bá ń lọ sí Dada, ewé tútù ni mò ń dì lọ.
Ìyá mi a fún un sínú igbá, a mu díẹ̀,
a fajú ro,
a ní, "Ó tó."