Téèpù Tí Mo Rà fún Fèrèsé

Òjò Valdivia kì í bẹ̀rẹ̀, kì í dá; ṣe ló kàn wà.
Ní bẹ́ẹ̀dì keje, atukọ̀ kan láti Corral dùbúlẹ̀,
Eleuterio Huaiquil, ó sanra bí àgbá,
ẹ̀rọ ń bá a mí.
Mo yọ téèpù lápò, mo wọ̀n ọ́n
láti àtàrí dé gìgísẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin rí mi látẹ̀yìn gíláàsì.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a: “Ṣé pósí lẹ ń wọ̀n fún un?”

Rárá o, Millaray. Èémí ni mo ń wọ̀n.
Ikùn a máa yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa kún,
ẹ̀dọ̀fóró kì í bá wọn sanra.
Gíga bàbá rẹ la fi ń mọ ohun tó lè gbà:
bí ìgò bíà kékeré kan, lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tí n kò sọ fún un:
àìsàn náà ti dí ilẹ̀kùn tó pọ̀ nínú àyà yẹn.
Omi ló wà níbi tí atẹ́gùn ń gbé.
Ibi tó ṣẹ́ kù tó ṣí kò ju ti ọmọ ọdún márùn-ún,
òun nìkan ni yóò gba gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá fẹ́ sí i,
nítorí afẹ́fẹ́ kì í bá ilẹ̀kùn títì jà;
ibi tó rọ̀ ló ń wọ̀.

Aago mẹ́ta òru. Dókítà Ormeño, ọmọdé ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n,
ó ń wo nọ́ńbà: méjìdínláàádọ́rùn-ún.
“Ẹ jẹ́ ká fi agbára kún un.”
Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì.

Mo rántí bẹ́ẹ̀dì kẹta, ìgbà òtútù èṣí,
ìyá kan tó máa ń hun ìbọ̀sẹ̀.
Nọ́ńbà tó dára ni mo ń lé nígbà náà. Mo bá a.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀,
awọ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka mi
bí iyọ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀.
Atẹ́gùn ti já wọ inú ẹran ara.
Ẹ̀rọ tó ń bá a mí náà ló fa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ya.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Èyí tí a fagbára mú, wọ́n ní koko ni í le:
etí mi yìí ti gbọ́ ọ bó ṣe ń le.

“Méjìdínláàádọ́rùn-ún tó,” ni mo wí.
A pe ènìyàn márùn-ún, a dà á dojú bolẹ̀,
ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò bí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé létí odò.
A dúró.
Nọ́ńbà ò gòkè. Kò sì wálẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, òjò ṣì wà.
Àwọn ẹran òkun ń han lẹ́yìn ọjà ẹja.
Mo fi sípíríìtì nu téèpù náà, mo ká a.
Fèrèsé mi ò tíì ní kọ́tìnnì.