Sídì Tí Kò Gbọdọ̀ Bèèrè

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà.
Sídì tèmi, mo kọ́ ọ kó má bèèrè ohunkóhun.
Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé ìdáhùn sí i nínú:
Èdè wo? Gẹ̀ẹ́sì ti Kánádà.
Agogo wo? Ti Thunder Bay, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú láago márùn-ún.
Ṣé kí n nu gbogbo ohun tó wà níbí?
Nù ún. Má wẹ̀yìn.
Kí n ṣáà tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, kí n lọ mu kọfí,
kí n padà wá bá ilé tó ti kọ́ ara rẹ̀ tán.

Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá, lábẹ́ ilé ìjọsìn àwọn ará Finland.
Iléeṣẹ́ agégẹdú kan ló fi wọ́n tọrẹ,
lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà nínú fáànù wọn.
Ọjọ́ Ajé làwọn àgbà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.
Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta la wà yìí,
fèrèsé kékeré òkè ò fi nǹkan hàn mí
ju táyà ọkọ̀ mi tí yìnyín ń gbé mì.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kùn bí agbọ́n inú agolo.
Ó ka ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ó ka ọgọ́ta,
ó dé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó dúró gbagidi.
*Ìdáhùn ìlà kẹtàdínlógójì kò bófin mu.*

Mo mọ ìlà yẹn. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀.
Orúkọ mi kò lè jẹ́ àṣìṣe.
Torí náà mo fura sí sídì, mo bọ́ọ̀nù òmíràn.
Mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Mo yọ ìrántí ẹ̀rọ, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo dá a padà.
Mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Mo fura sí iná, sí òtútù, sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ n'Ílàrò.
Mẹ́tàlélọ́gọ́rin, bí agbowó-orí tí kò gba ẹ̀bẹ̀.

Màmá Päivikki tó ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ń hun ìbọ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà.
Kò gbọ́ ti kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó gbọ́ òṣé tí mò ń pa.
Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ka: "Wo ibi tó ní kí o wò."
Mo wò ó.

?d???lá

Ètò lẹ́tà àtijọ́ ni mo fi pa fáìlì náà mọ́,
èyí tí kò rí àmì abẹ́ lẹ́tà rí láyé ẹ̀.
Ohun tí kò mọ̀, àmì ìbéèrè ló fi dí i.
Èmi tí mo ní kó má bèèrè,
ìbéèrè mẹ́rin ni mo fọwọ́ ara mi gbìn sínú ìdáhùn.

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ní Halifax, akọ̀wé kan yọ tó méjì lórí orúkọ bàbá mi.
Ó ní tádàwà ò tó."

Àbùjá wà: kí n kọ Odesola, kó wọlé lọ.
Àmọ́ bí a bá já àmì lára ọdẹ,
ó lè di òde, ó lè di ọ̀dẹ̀,
n kò sì ní mọ èyí tí kọ̀ǹpútà ń kí láàárọ̀.
Sídì kan ṣoṣo ló kù. Mo yí ètò lẹ́tà padà,
mo tún Ọdẹ́ṣọlá tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.
Mo kígbe, òwú já bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

Láago mọ́kànlá, ẹ̀rọ mẹ́wàá ti ń kí mi lórúkọ.
"Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?" ló bi mí.
Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gba ti ìkejì.

Ìkọkànlá kọ̀, kò yanu.
Mo fi kílíìpù gún un nídìí ẹnu,
lẹ́búlẹ́bú igi díẹ̀ jáde, ó tún pa ẹnu dé.
A fi súẹ́tà Màmá bò ó,
a sì lọ wá ṣọ́bìrì.