Òkè Tí Kò Ga Púpọ̀

Ìbídùn, mo ti rí òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o fi ránṣẹ́.
Iná ti lọ ní Kubwa láti aago mẹ́rin,
fóònù mi ku díẹ̀ kó kú,
mo sì fi ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ wo òkè àkọ́kọ́,
èyí tí orí rẹ̀ mú bí ẹnu abẹ́rẹ́.
Mo da ojú fóònù dé. Mo mu omi.

O ní ọmọ ọdún mẹ́ta ibẹ̀ ń yọ̀ lórí yìnyín bí ẹja lómi.
Ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì mọ ohun tí orúnkún ń jẹ́.
Èmi fi ọdún mẹ́tàlélógún wọn ilẹ̀ fún ìjọba,
mo mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè,
mo ti na okùn lé e, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé,
n kò fi ìdí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ rí.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Eruku ti gbé òkè Zuma mì.
Láàárọ̀ yìí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra,
Sámáílà tó ń ṣọ́ géètì bi mí bóyá ara mi kò yá.
Mo ní rárá, òtútù ni mò ń dán wò.
Ọmọ Mambila ni, ó ti rí òtútù tó ń mú màlúù gbọ̀n.
Mo ṣàlàyé síkì fún un: pátákó gígùn méjì lẹ́sẹ̀,
ọ̀pá méjì lọ́wọ́, yìnyín nílẹ̀,
òkè lẹ́yìn, Ọlọ́run níwájú.
Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Bàbá, ta lẹ ṣẹ̀?"

Nítorí náà, má sọ bí òkè ṣe ga tó fún mi.
Sọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí.
Ṣé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, tó fi jẹ́ pé
bí ẹsẹ̀ mi bá kọ̀ tí kò dúró,
ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á dá mi dúró?
Ṣé ẹni tí yóò kọ́ mi ti dàgbà,
ṣé òun náà ti ṣubú rí?
Àga tó ń fò lókè, tí ẹsẹ̀ ń mì dirodiro lábẹ́ rẹ̀,
n kò gùn ún.
Rọ́ọ̀gì tó ń dá rìn lórí ilẹ̀, ìyẹn dára.
Ó pẹ́ tí mo ti ń dúró lórí rọ́ọ̀gì.
Ọbẹ̀ gbígbóná ńkọ́? Kì í ṣe lórí òkè o. Nísàlẹ̀.

Òkè kejì, àwọn olówó ló ń lọ síbẹ̀,
aṣọ wọn ń dán, eyín wọn ń dán.
Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í wá ẹlẹ́rìí.
Yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀kẹta ni mo ń padà sí ṣáá.
Abúlé kékeré ní Slofẹ́níà,
òkè tó fẹ̀yìn tì bí àgbàlagbà tó jẹun yó.
Nínú àwòrán náà, ìyá arúgbó kan ti ṣubú,
ó jókòó sínú yìnyín, ó ń nu jígí ojú rẹ̀,
kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Ìbídùn, bí mo ṣe fẹ́ ṣubú nìyẹn.

Ìyá rẹ ì bá ti mú ti àkọ́kọ́.
Nígbà tí a lọ sí Jọ́s, kí a tó bí ọ,
ó gun àpáta kan lẹ́yìn ìlú pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọsàn àti báàgì,
mo ní mò ń ṣọ́ mọ́tò.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí mọ́tò yẹn.
Ó juwọ́ sí mi láti òkè, ó kéré bí èèrà,
ó ń pè mí. Mo bó ọsàn kan, mo jẹ ẹ́.

Iná ti dé.
Sanwó ti ẹ̀kẹta kí n tó yí ọkàn padà,
kí o sì bá mi wá fìlà tó nípọn,
orí mi ti pá ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ.