Ọdẹ Wàràkàṣì

Ọdẹ́wálé ni wọ́n sọ mí. Bàbá bàbá mi pa ẹfọ̀n
nínú igbó kan lẹ́yìn Ìgbẹ́tì.
Èmi, ní Wínípẹ́ẹ̀gì, wàràkàṣì ni mo ń ṣọ́.
Wọ́n kọ orúkọ mi sí páálí pélébé kan láyà mi,
wọn ò fi àmì sí i: ọdẹ di ọ̀dẹ̀.
Mi ò bá wọn jà. Owó ń wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.

Oṣù Èrèlè ni. Atẹ́gùn ń gé etí bí abẹ,
bọ́ọ̀sì ń rìn lórí yìnyín
bí aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé.
Ìyá àgbà kan wọlé, ó gbọn bàtà.
Mo mọ̀ ọ́n. Màmá Hírínkò ni. Ó ti ránṣọ rí
nílé iṣẹ́ kan tó ti di ilé àwọn olówó báyìí.
Ó máa ń bi mí bóyá òtútù ò tíì pa mí,
n óò ní, "Ó ku díẹ̀," a óò jọ rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà kò bi mí ní nǹkan kan.
Ó mú búrẹ́dì. Ó sanwó búrẹ́dì.
Ṣùgbọ́n mo ti rí ọwọ́ rẹ̀ nídìí àwọn agolo,
ọwọ́ tó ń gbọ̀n, tí kì í ṣe ti òtútù:
sàdíìnì méjì, bọ́tà kan,
wọ́n kó sábẹ́ ìborùn bí ọmọ tó ń sá fún òjò.

Àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè
bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.
Ẹni tó rí i ńkọ́, tó kọjú sí ògiri?
Bóyá n kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń pa òwe tìyẹn.

Rodéèlì ọ̀gá wa kì í ṣe ènìyàn burúkú.
Ó ní bí ẹrù bá ti ń sọnù, wákàtí iṣẹ́ wa ni wọ́n máa gé.
Lóṣù tó kọjá, ti Tígísìtì ni wọ́n gé,
ọmọ Etiópíà, tó ń dá tọ́ ọmọ méjì.
Ebi nìyẹn náà. Ebi tìyẹn ò rí ìborùn fi bora.

Mo ti bá ẹnì kan sanwó rí,
ọmọkùnrin kan tó gbé mílíìkì.
Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ń wò mí lójú.
Èmi ni ojú tì.

Bàbá mi pariwo olè nígbà kan, nítorí adìyẹ.
Ohun tí ọjà ṣe fún ọmọ náà,
kò sọ ọ́ tán títí ó fi kú.
Kò sì jẹ adìyẹ mọ́.

Ilẹ̀kùn tí ń ṣí fúnra rẹ̀ ṣí.
Ìyá náà yíjú padà sí mi:
"Má jẹ́ kí òtútù pa ọ́ o."
Mo ní, "Ó ku díẹ̀."
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́wàá lu. Mo kó búrẹ́dì tọ́jọ́ ti lọ lórí rẹ̀,
odindi apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, mo dà á sí àpótí ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé,
mo fi àgádágodo tì í, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.
Mo ṣí ìwé ìròyìn alẹ́.
Ǹjẹ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Rárá.
Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀.
Mo gbé bírò sókè kí n fi àmì sí i,
ó pẹ́ díẹ̀,
mo gbé e sílẹ̀.