Ọbẹ̀ Ẹja Sverre

Aago mẹ́fà lù, Waifai Torbjørg dákú.
Ó ti pa á, ó ti tàn án,
ó gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan lọ sídìí fèrèsé
bí ẹni ń gbọ́mọ tó ń sunkún kiri;
ó tún ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀.
Ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Bergen
dì gbagi, ẹnu ṣí sílẹ̀.
Ó ní yìnyín ni. Ó ní òkè ni.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló gbọ́ ọ nínú ilé ìdáná:
hùùùù, máíkírówéfù,
Sverre ń gbé ọbẹ̀ ẹja kaná.
Kò fọhùn. Ó fa okùn rẹ̀ yọ.

“Ìyá àgbà, ẹ ti ń gbọ́ mi?”

Sverre ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ tútù,
ó ń juwọ́ sí Bergen.