Ilé Tí Kò Ní Fèrèsé

Orí àkàbà ni mo wà ní Ìtòkò
nígbà tí àwòrán Ìbídùnní wọlé.
Mo fi ìgbọ̀nwọ́ nu sìmẹ́ǹtì kúrò lójú fóònù.

Ibi iṣẹ́ ọmọ mi rèé, létí òkun:
ilé gàgàrà, kò ní fèrèsé, kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
orí rẹ̀ róbótó bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.
Ó ní inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ ohun tí ojú kò rí
tí omi fi ń hó, tí iná fi ń tàn.

Lámídì yọjú wò ó. “Baba, ṣé kò léwu?”
Ó lè léwu.
Odò Ògùn náà léwu, a sì ń mu ún.
Ògiri ni èmi ń wò ní tèmi.
Ta ló ta okùn ìwọ̀n yẹn?
Ta ló da kọnkéré tí iyọ̀ òkun ń lá tọ̀sán-tòru
tí kò rí ibì kan bù jẹ?

Mọlémọlé kan ni. Bóyá ó ti kú.
Orúkọ rẹ̀ kò sí lára ògiri,
bí tèmi náà ò ṣe sí lára ilé kankan
láti ibí dé Ìbarà.
Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.

Ìbídùnní ní wọn óò pa á lọ́dún tó ń bọ̀,
ṣùgbọ́n wíwó rẹ̀ yóò pẹ́ ju kíkọ́ rẹ̀ lọ.

Mo ti fóònù bọ àpò.
Mo tú búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí mo tò láàárọ̀.
Wọ́n wọ́ díẹ̀.