Ojú Méjì, Ọkọ̀ Kan

Ragnfrid ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Lofoten,
owó tó ṣẹ́kù, ẹ̀rọ ló kàn.
Ọlọ́jà ní, "Gba olójú fífẹ̀ yìí,
ẹja kan ò ní sá mọ́ ọ lọ́wọ́."
Ó ní rárá. Kékeré méjì,
àti wáyà tó gùn láti iwájú dé ìdí ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lu ihò, tó tún dí i,
ìka kú fún òtútù, ó ń feyín bó wáyà,
títí ojú méjèèjì fi ń rí ohun kan náà.

Ẹ̀yìn ni Ingebrigt, bàbá rẹ̀, máa ń jókòó.
Etí rẹ̀ ti di: ẹ́ńjìnnì ogójì ọdún ló jẹ ẹ́.
Igbe ọmọ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọgọ́ta mítà, pupa ràn lójú ẹ̀rọ.
Ragnfrid ò tíì yíjú padà,
okùn bàbá ti wọ omi.